Ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé) kámẹ́rà Yashica-Mat 124 G ń há, ẹ gbà mí o
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kámẹ́rà ayé àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́. Yashica-Mat 124 G ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ya fótò l'Ábẹ́òkúta nígbà kan, ló dọ́wọ́ mi, èyí tó ní lẹ́ńsì méjì, téèyàn máa ń tẹrí wo látòkè, tẹ́ni tó o fẹ́ yà bá rìn sọ́tùn-ún òsì lo máa rí i pó ń lọ (ó dùn ún wò ju fóònù lọ, mi ò purọ́). Láti 1/60 dé 1/500 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí ṣọ́tà fi ń ṣí) ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tí n bá ti gbé e sí 1/15 wálẹ̀, tó yẹ kó ṣí pẹ́ díẹ̀, á ṣí, á wá há síbẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lófìfo títí, mo gbé e síbi tó móoru, pàbó ni. Kì í ṣe bátìrì, mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan nìyẹn wà fún. Àwọn tó ń tún kámẹ́rà ṣe ládùúgbò wa ní díjítà nìkan làwọn mọ̀. Ó jọ pé gírísì inú ẹ̀ ló ti gan, mi ò sì fẹ́ da nǹkan sí i kó lọ ba búléèdì ẹ̀ (àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣí tó ń padé) jẹ́. Ṣé tí mo bá yọ lẹ́ńsì iwájú nìkan ọwọ́ mi á tó àwọn jíà tó ń jẹ́ kí ṣọ́tà pẹ́ kó tó padé, àbí dandan ni kí n tú gbogbo ṣọ́tà jáde, kí ni kí n sì fi fọ̀ ọ́?