Lórí "àìdọ́gba ọ̀yà": kí ni "àì-" ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ẹ̀pẹ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ ní kí a máa lo "àìdọ́gba ọ̀yà" fún gbogbo ibi tí owó òṣìṣẹ́ kan bá ti ju ti èkejì lọ, ẹ sì fi kún un pé ọgbọ̀n ọdún tí ẹ fi kọ́ni ní èdè Yorùbá ti tó ní ẹ̀rí. N kò bá yín du ọgbọ̀n ọdún yẹn, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ibi bẹ́ẹ̀, nítorí "àì-" tó wà níwájú rẹ̀.

"Àì-" kì í ṣe ìyísódì lásán, ìyẹn sísọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń retí tí kò ṣẹlẹ̀ ló ń sọ. Ara líle ni a ń retí, ìdí nìyẹn tí òdì rẹ̀ fi ń jẹ́ àìlera. Ìgbọràn ni a ń retí lọ́dọ̀ ọmọ, a sì ń bá a wí fún àìgbọràn. Ẹni tó fi "àìkú" ta kò mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní ohun rere ni àìkú, kò rí i pé ikú ni a ń retí fún gbogbo ẹ̀dá. Nítorí náà, ẹni tó bá ti pe "àìdọ́gba ọ̀yà" ti sọ pé ó yẹ kí ọ̀yà méjèèjì dọ́gba, kó tó béèrè irú iṣẹ́ tí oníkálukú ṣe.

Ẹ wo ibi ìkọ́lé èyíkéyìí ní Ìkòròdú níhìn-ín. Owó ojúmọ́ bíríkìlà ju ti lébìrà tó ń po sìmẹ́ǹtì fún un lọ, nítorí ọdún tó fi kọ́ṣẹ́, àti nítorí pé ẹni tó lè po sìmẹ́ǹtì pọ̀ ju ẹni tó lè to búlọ́ọ̀kù kó gún lọ. Ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ṣàgámù, ewu iná wà nínú owó tí ẹni tó ń yọ́ irin ń béèrè. Ibi tí a ń gbé náà ń dá sí i: lọ́dún 2024, tí òfin ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà, ìpínlẹ̀ Èkó ní 85,000 ni òun yóò san, Ògùn tí a jọ pààlà sì fọwọ́ sí 77,000. Ìyàtọ̀ ọ̀yà ni mo pe gbogbo ìwọ̀nyí. "Yàtọ̀" kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Àwọn àgbà tó tọ́ mi dàgbà mọ ibi tí dọ́gba ń gbé. Inú àárò ni. Bí ẹnìkan bá fi ọjọ́ kan ro oko ẹnìkejì, ọjọ́ kan ni wọn yóò fi san án padà fún un, ẹni tó bá sì sá ló sọ ọ́ di àìdọ́gba. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ gba alágbàṣe, ìdúnàádúrà ni: wọn á wo bí ilẹ̀ ṣe le sí, bí òjò ṣe sún mọ́lé, àti iye alágbàṣe tó wà nílùú.

N kò ní kí a ju "àìdọ́gba" nù. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí àwa méjì ti dúró ti ẹ̀rọ kan náà, láti aago méje sí aago méje, tí èmi tí kọ̀ńtírátọ̀ mú wọlé ń gba díẹ̀ lé ní ìdajì owó ẹnìkejì mi tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà. Àìdọ́gba nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti obìnrin tó ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin tí wọ́n sì bù nínú owó rẹ̀. Abala 17 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 pàápàá ní kí ìjọba rí i pé iṣẹ́ tó dọ́gba gba owó tó dọ́gba, láìwo akọ tàbí abo. Bí a bá ti ná ọ̀rọ̀ náà tán lórí bíríkìlà àti lébìrà, kí ni a óò wá fi pe èyí?