Ẹ bá mi gbọ́ demo orin yìí kí n tó kó owó lọ sí sítúdíò

Akọrin_Kúbwá:
Ẹ̀yin akọrin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Kúbwá ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Wuse lọ́sàn-án, alẹ́ nìkan ni mo sì máa ń ráyè fún orin. Mo kọ orin kan tí mo pè ní “Ìgbà Mi Dé”. Fóònù ni mo fi gbà á sílẹ̀ nínú yàrá, èmi náà ni mo ta gìtá tí mo sì kọrin, nítorí náà ẹ óò máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi lábẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 50 ni gbogbo rẹ̀, gìtá nìkan ló sì ń dún fún ìṣẹ́jú-àáyá 40 àkọ́kọ́. Ní ẹsẹ kejì, mo fi gbólóhùn Hausa kan kún un, “a cikin gari”, ìyẹn “nínú ìlú”, nítorí ibi tí mo ń gbé ni orin náà dá lé.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé gbogbo ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp ló ń sọ pé “ó dùn”, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí mo gbọ́ kí ó máa kọ ègbè rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyàwó mi nìkan ló bi mí pé igbá wo ló dé, mo sì rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ohùn tí mo fún ègbè náà nìyí: re mí re mí. Kí ni kí n tún ṣe kí n tó san owó sítúdíò? Ṣé kò sì léwu bí mo ṣe gbé e síta yìí, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ di tirẹ̀?

Alágídìgbo_Kàdúná:
Ìyàwó yín kò ṣe ẹ̀fẹ̀ o, ohun tó gbọ́ ló sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ orin náà: mo fi earpiece gbọ́ ọ, mo gbé fóònù ka orí tábìlì, mo sì tún gbọ́ ọ nínú ọkọ̀. Igbá ni mo ń gbọ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Ìgbà” tí ẹ ní lọ́kàn, dò dò ni. Ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ lórí re, ẹ sì gòkè lọ sí mí, igbá tí a fi ń bu omi nìyẹn. Ká ní ẹ dúró sórí re re ni, à bá ní igba náírà ló dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láàárín wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, irú àṣìgbọ́ báyìí pọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì wà lára ohun tí T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní kàtídírà tó wà ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962, fi iṣẹ́ rẹ̀ tún ṣe, nítorí ó ń kọ orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu.

Ní tèmi, ohùn yín dùn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. “Ọjọ́ mi dé” bọ́ sórí re mí re mí rẹ́gí.

Àgbà_Onígìtá (Jos):
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ “Ọjọ́ mi dé” o! Lóòótọ́ ni ó bá ohùn mu, ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá gbọ́ pé ọjọ́ ẹnì kan dé, ikú ló máa wá sí i lọ́kàn, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí ó jẹ́ ibi ìsìnkú nìkan ni wọ́n óò ti máa pè yín. Ohùn ni kí ẹ yí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, dò dò re mí, kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gúnlẹ̀ sórí “dé”. Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà gan-an ló ń fà yín lọ síbẹ̀.

Ìfáárà yín ti gùn jù, èmi tí mo fẹ́ràn gìtá pàápàá ti fẹ́ pa á kí ẹ tó lanu. Ẹsẹ kẹta kò sọ ohun tí ẹsẹ kìíní kò tíì sọ, ẹ yọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ kò ṣe nǹkan kan, demo ṣáà ni, ṣùgbọ́n gìtá bo ohùn yín mọ́lẹ̀. Ẹ gbé fóònù súnmọ́ ẹnu ju gìtá lọ. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ fi han ènìyàn, ẹ má bi í bóyá ó dùn, nítorí ọ̀rẹ́ wo ló máa sọ pé kò dùn? Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ wá ní kí ó sọ ègbè náà fún yín.

Ọmọ_Sábó_Kánò:
Ẹ̀gbọ́n, Kánò ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Hausa yẹn. “Gari” tó jẹ́ ìlú àti “gari” tó jẹ́ ìyẹ̀fun, bákan náà ni wọ́n ń kọ wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ ti ìyẹ̀fun máa ń gùn lẹ́nu. Ẹ̀yin fa “ga” náà títí, ẹ ti wà nínú ìyẹ̀fun nìyẹn. Igbá ti dé, ìyẹ̀fun ti dé, ó ku omi gbígbóná! Ẹ yára pe “ga”, kí ẹ wá sinmi lórí “ri”.

Ní ti olè, òfin copyright ti ọdún 2022 ti dáàbò bo orin náà láti ìgbà tí ẹ ti gbà á sílẹ̀, ẹ kò nílò láti kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ààbò náà sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ orin. Síbẹ̀, ẹ lè fi tó Nigerian Copyright Commission létí kí ẹ̀rí lè wà lákọsílẹ̀, Àbújá yín níbẹ̀ náà ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà. Ẹ má pa demo àkọ́kọ́ yìí rẹ́ lórí fóònù.

Akọrin_Kúbwá:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo tún un gbà lálẹ́ àná. Mo ti gé ìfáárà kù sí ìṣẹ́jú-àáyá 12, mo sì ti gbé ègbè sórí dò dò re mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti gbé gbogbo orin náà sókè díẹ̀ kí ohùn mi tó lè mú ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n Jos, ẹ foríjì mí, mi ò lè yọ ẹsẹ kẹta, orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀. Mo pe ọmọ aládùúgbò wa wọlé, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí ó sọ ègbè náà fún mi, ó sì ní “ìgbà mi dé”. Orin igbá ni ìyàwó mi ṣì ń pè é.