Ọ̀nà wo ni ọkàn àgbàlagbà fi lè túbọ̀ lágbára?

Ìbéèrè
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí ìyá wa ti ṣaláìsí, ohun kékeré ti ń kó ìdààmú ọkàn bá bàbá wa. Bí fóònù wọn bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n lè má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. A ti gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè sinmi, a sì ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n mọ́kàn le, ṣùgbọ́n pàbó ló ń já sí. Kí ló kù tí a lè ṣe?

Èsì kìíní
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà, nítorí ẹni tí wọ́n ń bá ṣe gbogbo nǹkan kò ní pẹ́ rí ara rẹ̀ bí ẹrù. Bí fóònù náà bá kọ̀, ẹ má já a gbà. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ìka tiwọn fúnra wọn sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ṣiṣẹ́. Dípò "ẹ mọ́kàn le", ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe la ìṣòro kan já nígbà èwe wọn, kí ẹ sì gbọ́ ọ dé òpin. Robert Butler, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ ní 1963 pé bí àgbàlagbà ṣe máa ń bojú wẹ̀yìn wo ìgbésí ayé rẹ̀ kì í ṣe àmì pé ọpọlọ ń jó rẹ̀yìn.

Èsì kejì
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí wọn wò pẹ̀lú. Ẹni tí kò gbọ́ran dáadáa mọ́ a máa yẹra fún ọ̀rọ̀, torí ó ti sú u láti máa ní kí wọ́n tún un sọ, àwọn ará ilé a sì kà á sí ìbànújẹ́. Bí oorun àti oúnjẹ bá kọ̀ fún wọn, tí ohun tí wọ́n fẹ́ràn kò sì wù wọ́n mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú wọn lọ rí dókítà, torí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe ara ogbó, ó sì ní ìtọ́jú. Bí wọ́n bá sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má dúró rárá.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Lóòótọ́, wọ́n máa ń gbé ohùn rédíò sókè jù. Ṣé ká máa fipá mú wọn lọ sí ìpàdé?

Èsì kẹta
Rárá o. Ìwádìí Laura Carstensen, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí ènìyàn ti ń dàgbà ló ń dín ojúlùmọ̀ kù, kí ó lè ráyè fún àwọn tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Ẹ wádìí ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n máa ń béèrè, kí ẹ sì ṣètò kí àwọn méjèèjì jọ máa nasẹ̀ láàárọ̀.