Bí a ṣe lè fi àtúnṣe kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà láìba nǹkan ẹnikẹ́ni jẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i nínú ìbéèrè yín pé ẹ fẹ́ máa fi àtúnṣe kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà tó ń lo sọ́fítíwià yín, àti pé ẹ ti ṣe ẹ̀dà kóòdù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a dúró kí àwọn ẹ̀dà náà tó pọ̀ jù báyìí lọ. Òótọ́ ni pé Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005 fún iṣẹ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, mú kí ó rọrùn láti ya ẹ̀ka fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ̀ka tí kò bá padà wá darapọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ yóò máa jìnnà sí i ni, títí àtúnṣe kékeré yóò fi di iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí àléébù ààbò inú Log4j, kóòdù tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià Java fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn, hàn síta ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ẹni tó ní ẹ̀dà púpọ̀ ní láti wá a kiri inú gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ti ń wá a.

Ẹ jẹ́ kí kóòdù àárín jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí ìyàtọ̀ sì wà níta rẹ̀. Ká ní oníbàárà kan fẹ́ kí ọ̀gá méjì fọwọ́ sí ìwé owó kí ó tó jáde, nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo tó fún àwọn yòókù. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú kóòdù pé bó bá jẹ́ lágbájá ni, kí ó ṣe báyìí. Ẹ fi iye àwọn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i sínú sẹ́tíǹgì, kí ó jẹ́ 1 fún gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì sọ ọ́ di 2 fún ẹni tó béèrè. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ 3 lọ́la, ẹ kò ní fọwọ́ kan kóòdù rárá.

Èyí tí sẹ́tíǹgì kò bá lè gbé, ẹ ṣe plugin fún un, ìyẹn àfikún tó dá dúró níta kóòdù àárín, bí WordPress, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, ṣe ń lo hook, ìyẹn àyè tí kóòdù fi sílẹ̀ kí àfikún lè so mọ́ ọn. WordPress yìí kan náà ló ní child theme, ìyẹn ibi ọ̀tọ̀ tí ènìyàn ń kó àyípadà tirẹ̀ sí lórí theme (àwọn fáìlì tó ń pinnu ìrísí ìkànnì), nítorí pé àtúnṣe tuntun a máa pa ohunkóhun tí ènìyàn bá yí padà nínú fáìlì theme gan-an rẹ́. Ẹ kọ àyẹ̀wò aládàáṣe fún plugin kọ̀ọ̀kan, kí àtúnṣe kankan má ṣe jáde láìkọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e: Ẹ ṣeun, àbúrò. Oníbàárà tó bá kọ̀ láti gba àtúnṣe ńkọ́?

Ìdáhùn: Inú àdéhùn ni kí ẹ ti yanjú ìyẹn, sà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yà tuntun àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ nìkan lẹ ó máa tọ́jú, àti pé ẹni tó bá fẹ́ dúró sórí èyí tó ti pẹ́ yóò máa san owó ìtọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Àtúnṣe ti ààbò ni kí ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sún síwájú.