Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ kúáyà nílùú òyìnbó, kí lẹ bá níbẹ̀?

Alto_Leeds
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Leeds ni mo ti ń kàwé, mo sì ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru ní ìparí ọ̀sẹ̀. A pọ̀ tí a jọ ń lo kíṣínì kan náà nínú ilé tí mò ń gbé, ṣùgbọ́n kálukú ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra ẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo rí ìwé kan lára ògiri ilé ìkàwé pé kúáyà kan ń wá akọrin, kò sí ìdánwò, ẹ ṣáà máa bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé.

Mo lọ. Messiah ti Handel ni wọ́n ń múra ẹ̀ sílẹ̀ fún Kérésì. Èmi tí wọ́n ti fi nà lẹ́gba ní kúáyà àwọn ọmọdé l'Ábẹ́òkúta! Bí dùùrù ṣe gbé e, mo ti wọlé kí n tó rí ojú ìwé tí wọ́n wà. Màmá àgbà tó jókòó tì mí kọjú sí mi, ó ní níbo ni mo ti kọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn, mọ́tò màmá yìí ló ń gbé mi délé, ó sì ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé èmi nìkan ni, àbí ẹ̀yin náà rí ọ̀rẹ́ nínú kúáyà? Ọ̀rẹ́, tàbí èyí tó ju ọ̀rẹ́ lọ. (Ọ̀kan wà láàárín àwọn bass, àwọn ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀, tó máa ń tọ́jú bísíkíìtì dè mí tí a bá sinmi mu tíì. N ò tíì sọ nǹkan kan o.)

TenorTòótọ́
Bass wo? Ohun tó o fi sínú àkámọ́ yẹn gan-an ni ìtàn.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà
Bísíkíìtì kì í ṣe nǹkan kékeré. À ń gbọ́ o.

Bàbá_Peckham
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo dé London ní 1989. Lẹ́tà la fi ń kí àwọn ìyá wa. Ọ́fíìsì ni mò ń gbálẹ̀ ẹ̀ ní kùtùkùtù, màá tún ṣe síkiọ́rítì lálẹ́, láàárín méjèèjì ni mò ń sùn nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn Yorùbá, oorun ló ní kí n wá sùn níbẹ̀, torí híítà wọn dáa. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń gbe orin lẹ́yìn, wọ́n fà mí sáàárín tenor. Kúáyà yẹn ló wá yàrá fún mi, kúáyà ló bá mi ríṣẹ́, kúáyà ló sọ ọmọ mi lórúkọ. Ìyá àwọn ọmọ, soprano ni. Ó ṣì ń sọ pé mo máa ń pẹ́ wọlé títí dòní olónìí.

Olùdarí wa nígbà yẹn, ọwọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Kàtídírà Marina l'Ékòó ló ti kọ́ ọ. Ẹ mọ Ekúndayọ̀ Phillips? Trinity College of Music nílùú London yìí kan náà ló ti kàwé, ó padà sílé, ó sì wà nídìí dùùrù Marina láti 1914 títí di 1962. Fẹlá Sowande náà wá sí London ní àwọn ọdún 1930, dùùrù Kingsway Hall ló ń tẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi orin wá ọ̀nà níbí.

Sísí_Kò_Gba_Gbẹ̀rẹ́
Ìtàn Alto dùn, ó dùn jù fún mi díẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. N ò ní sọ kúáyà náà, n ò ní sọ ìlú náà. Mo wọlé, mo ní soprano ni mí, Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ mi, mo mọ nótì kà lórí ìlà. Olùdarí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní "áà, ẹ máa lè kọ gospel fún wa!" Mo ní Handel ni mo bá wá. Gbogbo sáà yẹn, orin kan ṣoṣo tí wọ́n fún mi dá kọ ni èyí tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń kọ. Orin tó dáa ni, n ò bú orin. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, n ò mọ̀ ọ́n rí. Bí sáà ṣe parí ni mo kó ìwé mi.

Àdùnní_b
HÀÀ. Tèmi, wọ́n ní kí n wá kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa mi ara. Èmi tí wọ́n ń fi jó bú ní ilé!

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà
Wọ́n ní kí n máa pàtẹ́wọ́ láti fi kó àwọn tó kù lẹ́yìn. Kò sí ìkankan nínú wa tó pa á bó ṣe yẹ.

Káyọ̀dé_MCR
Sísí, ẹ má bínú, ṣé ẹ sọ fún wọn pé ó dùn yín ni àbí ẹ kàn kó ìwé? Àwọn èèyàn yìí kì í mọ̀ tí a ò bá sọ. Tiwa ní Manchester, mo sọ̀rọ̀, wọ́n tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Sísí_Kò_Gba_Gbẹ̀rẹ́
Mo sọ. Ẹ̀rín ló rín. Ẹ kú oríire tiyín o, ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé.

Àdùnní_b
Ta ló ní iṣẹ́ wa ni láti máa kọ́ àwọn èèyàn ní ìwà lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́? Ẹ jẹ́ á kọrin ká lọlé.

Bàbá_Peckham
Ọmọ mi Sísí, tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀, fi Coleridge-Taylor dá wọn lóhùn. London ni wọ́n bí i sí ní 1875, dókítà ni bàbá ẹ̀, ará Sierra Leone. Orin Hiawatha tó gbé jáde ní 1898, gbogbo kúáyà England ló ń kọ ọ́ nígbà kan. Kí wọ́n tó mọ gospel, adúláwọ̀ ti ń kọ orin fún àwọn bàbá wọn.

Sísí_Kò_Gba_Gbẹ̀rẹ́
Ẹ ṣé, sà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Iyá_Ìbejì_Kent
Ẹ dákun, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbì kan. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó kọrin?

Alto_Leeds
Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Owó sáà ni. Wọ́n dín ti àwa akẹ́kọ̀ọ́ kù.

Iyá_Ìbejì_Kent
Kí n gba ẹnu mi kọrin, kí n tún sanwó lé e?

TenorTòótọ́
Mà, ní kúáyà wa n'Íbàdàn, tó o bá pẹ́ dé rìhásà, wàá san fáìnì. Tó o bá gbàgbé fìlà, fáìnì. Sísanwó la ti ń kọrin látọjọ́ tó ti pẹ́.

Iyá_Ìbejì_Kent
Ìyẹn yàtọ̀. Ti Ọlọ́run nìyẹn.

Káyọ̀dé_MCR
Kí lẹ rò pé wọ́n fi ń san owó gbọ̀ngàn, ti adùùrù, ti ìwé orin? Ẹ̀yin ìyá, ọ̀fẹ́ ò sí.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà
Ẹ padà sórí bass, ẹ jọ̀ọ́.

Ará_Cardiff
Ẹ jẹ́ n dá sí i. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹni tí mò ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù kan ló gbọ́ tí mò ń kọrin sínú bí mo ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n wá bá kúáyà àwọn ọkùnrin wọn lókè, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀. Mo lọ. Àwọn bàbá tó tó bí mi ló kún ibẹ̀, èdè Welsh ni ìdajì orin. Ojú ń tì mí. Nígbà tí wọ́n wá pín ìwé, ẹ ò ní gbà gbọ́: sol-fa ni, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orin sílẹ̀ dípò nótì orí ìlà! d, r, m, f. Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun ò mọ ti ìlà kà rárá, sol-fa ni ìyá òun fi kọ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní èmi náà nìyẹn, sà. Bó ṣe di ọ̀rẹ́ mi nìyẹn.

Bàbá yẹn ni àna mi báyìí. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń wá fi mọ́tò gbé e lọlé.

Àdùnní_b
YÉÈÈ!

TenorTòótọ́
Ẹ wò ó, mo ti ń sọ fún wọn pé òyìnbó ò mọ sol-fa, tiwa ni. Ẹ wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún mi.

Bàbá_Peckham
Tiwa báwo? Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sarah Glover ní Norwich ló ṣẹ̀dá ẹ̀, àlùfáà John Curwen ló tún un ṣe tó tàn án ká. Àwọn mísọ́nnárì ló gbé e wá bá wa.

TenorTòótọ́
Sà, wọ́n gbé e wá, wọ́n wá gbàgbé ẹ̀ sílé wa. Àwa la tọ́jú ẹ̀. Tiwa ni.

Ará_Cardiff
Àwọn ará Welsh náà tọ́jú ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká pín in.

Iyá_Ìbejì_Kent
Ará Cardiff, kí ni màmá yín sọ?

Ará_Cardiff
Màmá mi wà n'Íléṣà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé ó máa ń jẹ iyán? Mo ní ó ń kọ́ ọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní ṣé ó máa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní tilé-toko wọn ni. Ó ní ó dáa.

Káyọ̀dé_MCR
Ẹ rí i? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ọmọ Yorùbá nìkan ló yẹ kéèyàn fẹ́.

Iyá_Ìbejì_Kent
Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ níbí? Káyọ̀dé, o ti ń bá ẹni tí kò sí nílé jà.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà
BASS. Alto, bọ́ síta.

Alto_Leeds
Ẹ jọ̀ọ́ 😂 Ó dáa. Ọmọ Hong Kong ni. Òun àtàwọn òbí ẹ̀ kó wá lẹ́yìn 2021, nígbà tí ìjọba ṣí físà fún wọn. Òun náà ò mọ ẹnì kankan níbí. A jọ máa ń dúró de bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí màmá àgbà ò bá wá. Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ dúdú ní Harehills, ó ra ata rodo, ó ní òun lè jẹ ẹ́. Kò lè jẹ ẹ́. Omi ń jáde lójú ẹ̀, ó ṣáà ní kò sóhun tó ṣe òun. Bó ṣe rí nìyẹn. N ò tíì mọ orúkọ tí mo máa pè é.

Àdùnní_b
Ẹni tó sunkún lórí ata rodo tó tún ń pa á mọ́ra, ọkọ nìyẹn.

Sísí_Kò_Gba_Gbẹ̀rẹ́
Ṣé wọ́n ń gba soprano ní Leeds? Tí wọn ò ní bi mí nípa gospel.

Alto_Leeds
Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Olùdarí wa ò bi èèyàn ju ìwé orin lọ. Ohun kan ṣoṣo ni pé gbogbo wọn ló ń dìde fún orin Hallelujah inú Messiah, kódà àwọn tó wá wòran.

TenorTòótọ́
Ọba George Kejì ló kọ́kọ́ dìde níbẹ̀, ó ti di dandan.

Bàbá_Peckham
Wọ́n ń sọ ọ́ ni. Ní Dublin ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ Messiah, 1742, ọba ò sí níbẹ̀. Ti London ni wọ́n ń rò mọ́ ọn, ìwé tó sì sọ ọ́, ẹ̀yìn náà gan-an ló jáde. Àwọn onítàn ò rí ẹ̀rí.

TenorTòótọ́
Kí n wá jókòó?

Bàbá_Peckham
Dìde. Mo ní ẹ̀rí ni kò sí.

Ìrètí_Brum
Ẹ kú àríyànjiyàn o. Ẹnikẹ́ni tó wà ní Birmingham, ẹ bá mi wá kúáyà tí rìhásà ẹ̀ kì í bọ́ sí Ọjọ́rú. Ọjọ́rú ni mo máa ń wà níṣẹ́ alẹ́. Alto kejì ni mí. Mo lè sanwó sáà.