Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbin igi sétí odò rí, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Seattle ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, nítòsí Longfellow Creek, odò kékeré kan tó gba àárín ilé kọjá. Aládùúgbò mi kan ló ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo rò pé ìdọ̀tí la fẹ́ ṣà. Àṣé ẹ̀gún la fẹ́ hú! Himalayan blackberry ni wọ́n ń pè é (Himalaya kọ́ ló sì ti wá o, Àméníà ni). Ó ti bo etí odò mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kí igi ìbílẹ̀ yọrí. Èmi ọmọ àgbẹ̀ láti Ìsẹ́yìn, ìbọ̀wọ́ mi ya lójú ẹsẹ̀.

Ó wá kan gbígbìn. Igi willow ni, kò ní ewé, kò ní gbòǹgbò, ọ̀pá lásán. Wọ́n ní ká rì í wọ ẹrẹ̀ títí ìdá méjì nínú mẹ́ta á fi wọlé. Ẹ̀rín pa mí: akòko tí bàbá mi fi ń ṣọgbà nìyí! Kẹ́ ẹ ṣáà má dorí ẹ̀ kodò, ojú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè bíi ti igi ẹ̀gẹ́. Nígbà tí òtútù lọ, ó rúwé. Gbòǹgbò ẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú, ibòòji ẹ̀ ló ń mú omi tutù fún ọmọ coho, ẹja tí í lo bí ọdún kan nínú odò kó tó forí lé òkun. Kòkòrò tó bá já bọ́ látara ewé, oúnjẹ wọn ni.

Àfi bí mo ṣe débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá kùkùté méjìdínlógún, tó ṣe ṣónṣó bíi pẹ́ńsùlù. Beaver ni. Ẹ ro òyà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ewúrẹ́, tí ìrù ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Nílé, ìkòkò ọbẹ̀ ni ì bá já sí. Mo ní kí wọ́n lé e. Wọ́n ní rárá, onílé ni. Ibi tó bá ti sé omi ni ọmọ ẹja ń sá sí tí àgbàrá bá le. Wáyà la fi yí èyí tó kù ká. Àwọn tó gé náà sì tún rú látìdí.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Odò yẹn náà ni mo ti rí tèmi, nínú oṣù Kọkànlá. Abo coho kan tó ti òkun padà wá yé ẹyin, ó gùn tó apá mi, ó ń yí gbirigbiri lójú omi, ó ń lanu. Kò pẹ́, ó kú. Wọ́n la inú ẹ̀: ẹyin kún un bámúbámú, kò tíì yé ẹyọ kan. Ọdún 2020 ni àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Washington níbí rídìí ẹ̀: 6PPD, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pò mọ́ táyà, ló ń di májèlé, tí òjò ń gbá a láti títì wọ odò. Etí títì lèmi wá ń gbẹ́ báyìí. Yanrìn àti ajílẹ̀ la ń kó sínú kòtò, kó sẹ́ omi òjò bí ìgbà tí a ń sẹ́ ògì, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja.

—

Àbúrò, Sátidé wo lẹ máa ń pàdé? Mo ní ṣọ́bìrì.