Kánfáàsì funfun tí Yasmina Reza fi pa wá lẹ́rìn-ín: ẹ mú ìmọ̀ yín wá

Olóòtú eré:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ eré orí ìtàgé. “Art” ti Yasmina Reza, òǹkọ̀wé eré ará Faransé, ni mo gbé wá lónìí, kí a jọ jíròrò bí ẹgbẹ́ kan ṣe lè gbé e sórí ìtàgé. Èdè Faransé ló fi kọ ọ́. Ilé ìtàgé Comédie des Champs-Élysées ní Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1994. Christopher Hampton sọ ọ́ di èdè Gẹ̀ẹ́sì fún London ní 1996, ó dé Broadway, àdúgbò àwọn ilé ìtàgé ńlá ní New York, ní 1998, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Tony fún eré tó dára jù lọ́dún yẹn.

Ọkùnrin mẹ́ta péré ni gbogbo òṣèré. Serge, dókítà awọ ara, ra àwòrán kan ní 200 000 fráǹkì, ìyẹn bí 30 500 yúrò. Kánfáàsì náà, aṣọ líle tí wọ́n yàwòrán sí, tó mítà 1.60 sí mítà 1.20, funfun ni wọ́n kùn ún látòkèdélẹ̀, àwọn ìlà funfun tín-ín-rín sì gba orí rẹ̀ kọjá tí èèyàn gbọ́dọ̀ di ojú díẹ̀ kó tó rí wọn. Marc, ẹnjiníà ọkọ̀ òfurufú, wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Yvan, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìkọ̀wé àti bírò, ni àwọn méjèèjì jọ ń fà lápá.

Ara àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ẹ̀rín inú eré náà ti ń jáde. Ẹgbẹ́ tó bá gbé pátákó jákujàku kan síta, tí òǹwòran kọ́kọ́ rí i tó fi rẹ́rìn-ín, ti ná owó ẹ̀rín tán kí ọjà tó ṣí. Àwòrán náà gbọ́dọ̀ dára débi tí èèyàn á fi máa rò ó pé bóyá Serge kò jẹ̀bi. Torí náà, ayàwòrán ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ayàwòrán:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Kí ọwọ́ tó kan ọ̀dà, kí ẹni tó fẹ́ ṣe kánfáàsì yìí fún eré wá àwòrán ayàwòrán Kazimir Malevich ti 1918 wò, èyí tó wà ní MoMA, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York: igun mẹ́rin funfun tó dagun lórí funfun mìíràn. Funfun méjì ni, ọ̀kan tutù, ọ̀kan móoru díẹ̀. Robert Rauschenberg, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, náà ṣe àwòrán funfun tirẹ̀ ní 1951. Àwàdà Reza ní gbòǹgbò níbẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn.

Ní ti kíkàn án: ẹ na kánfáàsì sórí férémù igi, ṣùgbọ́n ẹ fi pílíwúùdù milimítà 6 sẹ́yìn rẹ̀, kó kan kánfáàsì gbọ́n-ín. Lópin eré, òṣèré á fi máàkà yàwòrán sí i. Bí kò bá sí pákó lẹ́yìn, kánfáàsì á máa fò sẹ́yìn, ìlà á máa gbọ̀n. Ẹ kun ọ̀dà àkírílíìkì funfun lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha á láàárín ìkíní sí ìkejì. Fún àwọn ìlà, ẹ lẹ téèpù méjì mọ́ra, kí àlàfo milimítà 3 wà láàárín wọn, kí ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ ọ̀dà nínípọn sínú àlàfo náà. Ẹ ṣí téèpù nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù. Ẹni tó bá jẹ́ kó gbẹ kó tó ṣí i, etí ìlà á ya wájawàja.

Fáníìṣì, ohun tí a ń kùn sórí ọ̀dà láti dáàbò bò ó, ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Ìpele méjì, olómi, kì í ṣe ti epo, torí ti epo á pọ́n bó bá yá. Èyí tó ń dán gbinrin á máa ta iná sí òǹwòran lójú. Èyí tí kò dán rárá ní ihò wínníwínní tí yíǹkì máa ń sá pamọ́ sí. Èyí tó wà láàárín ni kí ẹ rà.

Máàkà búlúù àwọn ọmọdé, irú tí omi ń fọ̀, ni kí ẹ lò. Máàkà ti pátákó funfun ọ́fíìsì ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ: ó rọrùn láti nù lórí pátákó tirẹ̀, àmọ́ ọtí inú rẹ̀ ń jẹ fáníìṣì àkírílíìkì. Ẹ dán an wò ní igun kan fún wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó fọkàn tán an. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ fọ̀ ọ́: omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ olómi ẹ̀kán méjì-mẹ́ta, aṣọ funfun nìkan, ẹ nù ún láti etí wá sí àárín. Tó bá di òwúrọ̀, òjìji búlúù ti jókòó.

Nínú eré náà, ọṣẹ Switzerland tó ní òróòro màlúù ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, Paula, obìnrin Marc, ló júwe rẹ̀. Inú mi máa ń dùn síbẹ̀, torí òróòro màlúù kì í ṣe àsọdùn: àwọn tó ń fi ọ̀dà olómi yàwòrán máa ń kán an sómi kí àwọ̀ lè tàn dáadáa lórí ìwé.

Atanná:
Kúkúrú ni tèmi. Iná iwájú á pa gbogbo ìlà yẹn rẹ́. Ẹ gbé fìtílà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ra ojú kánfáàsì kọjá, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè ní òjìji tirẹ̀. Yàrá kan náà ló dúró fún ilé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwòrán ara ògiri nìkan ló ń yí padà, nítorí náà ìkọ́ méjì tó dọ́gba ti tó. Ẹ má sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún Serge.

Atúmọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tó ń yọ ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá sí Yorùbá lẹ́nu ni “merde”, èébú Faransé tí Marc fi sọ àwòrán náà lórúkọ. “Pàǹtí” kò ní bí àwọn àgbà nínú, ṣùgbọ́n kò dunni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ dun Serge títí eré á fi parí. “Ìgbẹ́” ni mo fara mọ́: ó kúrú, ó sì ṣòroó gbàgbé.

“Modern” ńkọ́? Serge ní kí Marc lọ ka Seneca, onímọ̀ ọgbọ́n orí Róòmù àtijọ́, pé ìgbàlódé pọ́ńbélé ni. Ọdún 65 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni Seneca kú! Ẹ fi “ìgbàlódé” sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín á fúnra rẹ̀ dé. Ní ti “déconstruction”, ọ̀rọ̀ ńlá àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí, tí Serge ń sọ láìrẹ́rìn-ín, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ rárá. Àjèjì tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ẹni ló ń ta Marc bí agbọ́n.

Ọ̀rọ̀ gígùn Yvan nípa ìwé ìpè ìgbéyàwó ló wá dùn jù. Orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé? Catherine, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, fẹ́ràn ìyàwó bàbá rẹ̀, ó fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Yvan kò fẹ́ rí ìyàwó bàbá tirẹ̀ sójú rárá. Yorùbá wo ni kò mọ irú ìjà yìí? “Ìyàwó bàbá” nìkan ti gbé ìtàn odindi agbo ilé dání, kò nílò àlàyé kankan. Kí òṣèré kọ́kọ́ ya igi ìdílé náà sórí ìwé, kó fa ọfà láti ẹni tó ń bínú sí ẹni tí wọ́n ń bínú sí, kó tó há ọ̀rọ̀ sórí. Ẹni tó bá há a sórí láìya igi náà á ṣìnà láàárín obìnrin méjì, kò sì sí ẹni tó lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ohùn ìyá Yvan lórí fóònù yàtọ̀ sí ti Catherine. Kí Yvan má ṣe wá ẹ̀rín o. Ìyà ń jẹ ẹ́. Kí Serge àti Marc dákẹ́, kí wọ́n sì gbọ́ tán.

Olóòtú eré:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi máàkà kún un. Serge ju máàkà sí Marc, Marc sì rọra ya ọkùnrin kékeré kan tó dé fìlà onírun, tó so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, tó ń yọ̀ bọ̀ láti orí òkè yìnyín. Kí Marc dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kánfáàsì, kó na apá láti èjìká, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bo iṣẹ́. Ìlà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kó tẹ̀ lé, kó fi fìlà ṣe ìgbẹ̀yìn. Kò gbọ́dọ̀ kánjú. Ìgbà tí òǹwòran bá gbọ́ bí máàkà ṣe ń há lórí fáníìṣì, ẹ̀rín á dákẹ́.

Serge mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yíǹkì náà ṣeé fọ̀. Nígbà tí Marc bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní òun kò mọ̀, irọ́ yẹn sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bó bá rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó ń ju máàkà, ó ti tú àṣírí náà kí àkókò tó tó. Ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lára kánfáàsì. Kó tiẹ̀ má wo ọwọ́ ara rẹ̀.